Ọwọ́ Òsì tí Ó Ń Padà Bọ̀: Ohun tí Max Schmeling Rí Lára Joe Louis

Orúkọ tí àwọn oníròyìn wa ń pe ẹni tí ó fi ìjà ẹ̀ṣẹ́ ṣe iṣẹ́ ni mo fẹ́ fi ṣí ọ̀rọ̀ òní. Abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni ẹni tí ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ ń kù bí ìgbà tí òjò bá fẹ́ rọ̀. Orúkọ náà dùn lẹ́nu, ó sì jọ oríkì. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń rò ó, mo rí i pé ariwo ni ó ń yìn. Ẹni tí ń da ẹ̀ṣẹ́ sílẹ̀ ni orúkọ náà mọ̀. Kò mọ ẹni tí ń dúró de ẹ̀ṣẹ́. Bẹ́ẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìṣẹ́gun tí ayé sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù lọ nínú ìtàn ìjà yìí wá láti ọwọ́ ọkùnrin kan tí kò kù bí òjò rárá. Ó dákẹ́, ó ń wo ọwọ́ òsì ẹnìkejì rẹ̀, ó sì ń retí ìgbà tí ọwọ́ náà yóò padà sílé.

Max Schmeling, ọmọ Jámánì, ni ọkùnrin náà. Ẹni tí ó dojú kọ ni Joe Louis, ọmọ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà. Ọjọ́ náà ni ọjọ́ 19, oṣù kẹfà, ọdún 1936, ní pápá ìṣeré Yankee Stadium ní ìlú New York. Ọ̀rọ̀ òṣèlú ni ọ̀pọ̀ ìwé fi ìtàn ìjà náà ṣe, nítorí pé Hitler ti wà lórí àlééfà ní Jámánì nígbà náà. N kò sọ pé irọ́ ni wọ́n pa. Ohun tí mo fẹ́ ṣe níhìn-ín ni kí n fi ojú sí ohun kékeré kan tí òṣèlú bò mọ́lẹ̀: bí a ṣe ń gba ara ẹni lọ́wọ́ jáàbù, àti bí a ṣe ń fi ẹ̀ṣẹ́ tiwa dá a lóhùn.

Ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ iwájú ni jáàbù. Ẹni tí ó bá jẹ́ ọlọ́wọ́ ọ̀tún yóò gbé ẹsẹ̀ òsì síwájú, yóò na ọwọ́ òsì tààrà láti èjìká lọ sí ojú ọ̀tá, yóò sì fà á padà kíákíá. Kò ní agbára bíi ti ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún tí ń bọ̀ láti ẹ̀yìn, tí ẹsẹ̀ àti ìbàdí ń tì lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ kúrú, kì í sì í kéde ara rẹ̀ kí ó tó dé. Òun ni ó ń wọn ìjìnnà tí ó wà láàárín ènìyàn méjì. Òun ni ó ń dí ojú ọ̀tá. Òun ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn fún ẹ̀ṣẹ́ ńlá tí ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀ pé ọwọ́ òsì ni a fi iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́. Nínú àṣà tiwa, ọwọ́ òsì kò ní iyì: a kì í fi fún àgbà ní nǹkan, a kì í sì í fi júwe ilé baba ẹni. Nínú ìjà ẹ̀ṣẹ́, òun gan-an ni ìránṣẹ́ tí a ń rán ṣáájú, nígbà tí ọwọ́ ọ̀tún jókòó sí ààfin bí ọba.

Báwo ni ẹni tí jáàbù ń bọ̀ lójú rẹ̀ ṣe lè gba ara rẹ̀? Ó lè gbé àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún sí ẹ̀gbẹ́ àgbọ̀n, kí ó gba ẹ̀ṣẹ́ náà sínú ìbọ̀wọ́ rẹ̀ bí ẹni gba bọ́ọ̀lù. Ó lè fi ọwọ́ kan náà gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, kí ó lè gba ẹ̀bá etí kọjá. Gbígbá yìí kò gbọdọ̀ pọ̀ jù. Ẹni tí ó bá na ọwọ́ jìnnà láti gbá jáàbù dànù ti ṣí ojú ara rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀tá tí ó bá gbọ́n yóò sì fi ẹ̀tàn na ọwọ́ òsì láìjẹ́ kí ó dé ibì kankan, nítorí kí ó lè rí ojú yẹn kàn. Ó lè fa orí sẹ́yìn, tàbí kí ó sún ẹsẹ̀ sẹ́yìn ìwọ̀n àtẹ́lẹsẹ̀ kan. Èyí tí ó ṣòro jù, tí ó sì lérè jù, ni kí ó yẹ orí: kí ó tẹ èjìká díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ̀ṣẹ́ náà gba òkè èjìká rẹ̀ kọjá, kí òun sì wà nítòsí pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì tí kò níṣẹ́ mìíràn. Ẹni tí ó fà sẹ́yìn ti bọ́, ṣùgbọ́n ó ti jìnnà, kò lè lu ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó yẹ orí ti bọ́, ó sì ti wà nínú ilé ọ̀tá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí: ọwọ́ tí a nà kò lè dáàbò bo ojú. Láti ìgbà tí ọwọ́ òsì bá ti kúrò lẹ́bàá ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí di ìgbà tí yóò padà síbẹ̀, ilẹ̀kùn ilé wà ní ṣíṣí. Àkókò náà kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìdí nìyí tí àwọn olùkọ́ fi máa ń pariwo sí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ wọn pé ọ̀nà tí ọwọ́ gbà lọ ni kí ó gbà padà, ní gíga kan náà. Ọwọ́ tí ó lọ ní gíga ojú, tí ó wá padà ní gíga àyà, ti la ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún ẹnìkejì.

Kí ni kí a wá pe ẹ̀ṣẹ́ tí ń wọlé ní àkókò yẹn? Ẹnìkan lè fẹ́ pè é ní ẹ̀ṣẹ́ ẹ̀san. N kò fara mọ́ ọn, nítorí pé ìbínú wà nínú ẹ̀san. Ẹni tí ń gbẹ̀san ti jìyà kí ó tó jà. Ẹni tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì jìyà, kò sì bínú. Ẹ̀ṣẹ́ ìdápadà súnmọ́ ọn, ó sì bá ìgbà tí a kọ́kọ́ gba jáàbù tán kí a tó lù mu. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀ṣẹ́ méjèèjì bá jọ wà lọ́nà, tí tiwa sì gba òkè ọwọ́ ọ̀tá kọjá lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, n kò rí ọ̀rọ̀ tí ó dára ju ẹ̀ṣẹ́ ìpàdé lọ. Agbára ẹni tí ń bọ̀ kún agbára ẹni tí ń lọ pàdé rẹ̀, bí ọkọ̀ méjì tí ó forí sọ ara wọn. Àwọn orúkọ méjèèjì ni n ó lò nínú àròkọ yìí. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní èyí tí ó dára jù, kí ó máa lò ó.

Ìmọ̀ náà ti pẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jack Broughton gbé òfin ìjà ẹ̀ṣẹ́ kalẹ̀ ní ọdún 1743, nígbà tí ọwọ́ òfo ni wọ́n ṣì fi ń jà. Daniel Mendoza, Júù ọmọ London tí kò tóbi púpọ̀, wá sọ yíyẹ̀, dídènà àti ìrìn ẹsẹ̀ di ẹ̀kọ́ ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1789. Àwọn kan rò pé ìwà ojo ni kí ènìyàn máa kúrò níwájú ẹ̀ṣẹ́. Èrò yẹn kò tíì kú títí di òní. Òfin Queensberry ti ọdún 1867 mú ìbọ̀wọ́ wọ inú ìjà, ìbọ̀wọ́ sì yí ọ̀nà ìdáàbòbò padà, nítorí pé ó ṣeé fi gba ẹ̀ṣẹ́ ní ọ̀nà tí ọwọ́ òfo kò lè gbà á. Ẹni tí ó bá ti wo ìjàkadì tiwa ní abúlé kò ní ṣe àríyànjiyàn púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ojo yìí: ẹni tí ó kọ́kọ́ sáré wọlé kọ́ ni ó sábà máa ń dá ẹnìkejì.

Ẹ jẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ Louis. Ọdún 1914 ni wọ́n bí i ní ìpínlẹ̀ Alabama, ní ilẹ̀ òwú. Ní ìlú Detroit ni ó sì dàgbà sí. Ní ọdún 1934 ó di abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò tí ń gbowó, Jack Blackburn sì di olùkọ́ rẹ̀. Blackburn, adúláwọ̀ bíi tirẹ̀, ti fi ẹ̀ṣẹ́ jà ní ayé ìgbà tirẹ̀, ó sì mọ ìdúró ju ẹnikẹ́ni lọ. Ó kọ́ Louis bí ẹsẹ̀ ṣe ń dúró kí ẹ̀ṣẹ́ tó lọ, ó kọ́ ọ ní jáàbù tí ó le bí ọ̀pá irin. Ọwọ́ òsì Louis kì í ṣe ìránṣẹ́ lásán. Ó ń la ojú ènìyàn. Ní ọdún 1935 ó na Primo Carnera, ó tún na Max Baer, àwọn méjèèjì tí wọ́n ti fìgbà kan jẹ́ ọ̀gá àgbáyé nínú ẹ̀yà àwọn tí ó tẹ̀wọ̀n jù. Títí di oṣù kẹfà ọdún 1936, kò sí ẹnikẹ́ni tí ó tíì borí rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti ń jà fún owó.

Schmeling ní tirẹ̀ ti pé ẹni ọgbọ̀n ọdún. Ó ti jẹ́ ọ̀gá àgbáyé láti ọdún 1930 sí 1932, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó gbà gba adé náà kò fún un ní iyì tó: orí ilẹ̀ ni ó wà nígbà tí wọ́n fún un, nítorí pé Jack Sharkey lù ú nísàlẹ̀ ìgbànú. Baer na án ní ọdún 1933. Ojú arúgbó ni àwọn ará New York fi ń wò ó. Ohun tí wọn kò kà sí ni irú oníjà tí ó jẹ́. Ó máa ń dúró pẹ̀lú àgbọ̀n tí ó fi pamọ́ sẹ́yìn èjìká òsì, ara rẹ̀ a fì sẹ́yìn díẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ a sì wà nítòsí àyà bí ìbọn tí a ti ki ọta sí. Kì í yára. Ó lè dúró fún ìṣẹ́jú púpọ̀ láìṣe ohun kan tí àwọn òǹwòran lè pàtẹ́wọ́ sí.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1935, ó jókòó sí ẹ̀bá gbàgede ìjà ní Madison Square Garden, ó ń wò bí Louis ṣe na Paulino Uzcudun, ará Sípéènì, ní abala kẹrin. Gbogbo ènìyàn tí ó wà níbẹ̀ ń wo ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún tí ó parí ìjà náà. Nígbà tí ó jáde, Schmeling sọ fún àwọn oníròyìn pé òun rí nǹkan kan. Wọ́n bi í léèrè ohun tí ó rí, kò dáhùn. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sín Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tí ó ní ohùn Jámánì nínú jẹ. Ó kó fíìmù àwọn ìjà Louis lọ sílé, ó ń wò wọ́n, ó ń dá wọn dúró, ó ń tún wọn wò.

Ohun tí ó rí kò ju èyí lọ: bí Louis bá ti na jáàbù tán, ọwọ́ òsì rẹ̀ kì í padà sí ẹ̀bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ tààrà. Ó máa ń wálẹ̀ kí ó tó gòkè. Fún ìwọ̀n àkókò yẹn, gbogbo ẹ̀gbẹ́ òsì ojú Louis wà láìsí olùṣọ́. Jack Johnson, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ó gba adé ẹ̀yà yìí ní ọdún 1908, rí i pẹ̀lú, ó sì ń sọ ọ́ kiri pé Schmeling lè borí. Ìjà àtijọ́ wà láàárín òun àti Blackburn, nítorí náà kò sí ẹni tí ó fẹ́ gbọ́ ti Johnson ní àgọ́ Louis. Mo máa ń ronú sí i pé ọkùnrin méjì tí wọ́n rí àléébù náà ní gbangba jẹ́ àwọn tí iṣẹ́ tiwọn fúnra wọn jẹ́ dídúró de ẹlòmíràn. Johnson ni baba àwọn tí ń gba ẹ̀ṣẹ́ kí wọ́n tó dá a padà. Ẹni tí ń fi ọwọ́ jalè ni ó mọ ilẹ̀kùn tí kò ní kọ́kọ́rọ́.

Ó yẹ kí ìjà náà wáyé ní ọjọ́ 18, ṣùgbọ́n òjò rọ̀, wọ́n sì sún un sí ọjọ́ kejì. Nǹkan bí 40,000 ènìyàn ni ó wá. Ní abala mẹ́ta àkọ́kọ́, jáàbù Louis ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ojú Schmeling kan bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ yóò sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n Schmeling ń san owó ọjà ni. Ó mọ̀ pé òun kò lè rí ọwọ́ òsì náà bí ó ti ń padà bọ̀ bí òun kò bá jẹ́ kí ó wá. Ó ń gba díẹ̀, ó ń yẹ díẹ̀, ó sì ń fi ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún dán ọ̀nà wò.

Ní abala kẹrin, Louis na jáàbù, ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún Schmeling sì gba òkè rẹ̀ wọlé. Louis ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ọ̀tún mìíràn sì gbé e ṣubú. Kò tíì ṣubú rí láti ìgbà tí ó ti ń jà fún owó. Ó dìde kíá, bí ọ̀dọ́mọdé tí ojú ń tì, dípò kí ó sinmi dé ìgbà tí rẹfirí bá ka mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án. Láti ìgbà náà lọ, kò tún bọ́ sípò mọ́. Ní ìparí abala karùn-ún, ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún mìíràn bá a bí agogo ti ń lù, ó sì padà sí igun rẹ̀ bí ẹni tí ń rìn lójú oorun. Ohun tí ó bani nínú jẹ́ nínú fíìmù náà ni pé Louis kò dẹ́kun. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tí ara rẹ̀ mọ̀ ni pé kí ọwọ́ òsì lọ ṣáájú, nítorí náà ó ń rán an lọ, ọwọ́ náà ń padà bọ̀ nísàlẹ̀, Schmeling sì ń pàdé rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì Louis wú bí ẹni tí ó fi obì sẹ́nu. Ní abala kejìlá ó ṣubú, rẹfirí Arthur Donovan sì kà á dé mẹ́wàá.

Àwọn kan sọ pé gọ́ọ̀fù ni ó pa Louis. Òótọ́ ni pé ó ń gbá gọ́ọ̀fù nígbà tí ó yẹ kí ó máa gbára dì ní Lakewood, ó sì fi ojú kékeré wo ẹni tí ó fẹ́ bá jà. N kò kọ̀ pé ọ̀lẹ dá kún un. Ṣùgbọ́n àléébù ọwọ́ òsì náà ti wà níbẹ̀ nígbà tí ó na Carnera, ó wà níbẹ̀ nígbà tí ó na Baer, kò sì sí gọ́ọ̀fù nínú ìyẹn. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé ẹnìkan ti wá rí i.

Ìbànújẹ́ tí ó tẹ̀lé e kò kéré. Ní Harlem, àwọn ènìyàn sunkún ní ìgboro. Fún àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ti ìgbà náà, tí wọn kò lè jókòó síbi tí ó wù wọ́n nínú ọkọ̀ ní apá gúúsù, Louis nìkan ni ọmọ wọn tí ó lè lu aláwọ̀ funfun ní gbangba kí ọlọ́pàá má mú un. Ní Jámánì, wọ́n gbé ìjà náà sí sinimá gẹ́gẹ́ bí ìṣẹ́gun orílẹ̀-èdè. Schmeling fúnra rẹ̀ kò wọ ẹgbẹ́ òṣèlú Hitler, ó sì kọ̀ láti lé Joe Jacobs, alákòóso rẹ̀ tí ó jẹ́ Júù, kúrò. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1938, nígbà tí wọ́n ń ba ilé àti ṣọ́ọ̀bù àwọn Júù jẹ́ káàkiri Jámánì, ó fi ọmọkùnrin Júù méjì pamọ́ sínú yàrá rẹ̀ ní Berlin.

Louis gba adé àgbáyé lọ́wọ́ James Braddock ní Chicago ní ọjọ́ 22, oṣù kẹfà, ọdún 1937. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe òun ní ọ̀gá àgbáyé títí òun yóò fi na Schmeling. Ọdún kan géérégé lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 22, oṣù kẹfà, ọdún 1938, wọ́n tún pàdé ní Yankee Stadium, lójú àwọn ènìyàn tí ó lé ní 70,000. Ìṣẹ́jú àáyá 124 ni ó gbà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ pé ìbínú ni Louis fi jà lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ṣe jà. Ó kọ́kọ́ na jáàbù kúkúrú mélòó kan, tí wọ́n lọ tí wọ́n sì padà ní gíga kan náà, lẹ́yìn náà ó sún mọ́ ọn, kò sì jẹ́ kí àyè sílẹ̀. Ẹni tí ń lo ẹ̀ṣẹ́ ìpàdé nílò àyè: ó nílò kí ọ̀tá na ọwọ́, kí ọ̀nà gùn díẹ̀, kí ọwọ́ náà sì ní ibi tí yóò ti padà bọ̀. Louis gba gbogbo ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tì í mọ́ okùn, ó ń lù ú láti ìtòsí, ọ̀tún àti òsì. Ẹ̀ṣẹ́ kan bá Schmeling ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn bí ó ti ń yí ara padà, ó sì ṣe egungun ẹ̀yìn rẹ̀ léṣe. Igbe rẹ̀ dé etí àwọn tí ó jókòó nítòsí. Ó ṣubú léraléra. Àwọn ará igun rẹ̀ ju aṣọ ìnura sínú gbàgede, Donovan jù ú padà, kí ó tó di pé òun fúnra rẹ̀ dá ìjà náà dúró. Ẹ̀ṣẹ́ tí Schmeling rí lù kò ju ohun tí a lè fi ìka ọwọ́ kan kà lọ.

Ṣé àléébù náà wá kú pátápátá? Rárá. Ní oṣù kejìlá ọdún 1947, Jersey Joe Walcott fi ọwọ́ ọ̀tún gbé Louis ṣubú lẹ́ẹ̀mejì ní Madison Square Garden, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn adájọ́ fún Louis ní ìjà náà.

Ọ̀nà mìíràn wà tí kò nílò ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún rárá, n kò sì fẹ́ kí á kọjá rẹ̀. Eddie Futch, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ tí ó gbọ́n jù lọ ní Amẹ́ríkà, ni ó fi kọ́ Ken Norton kí ó tó pàdé Muhammad Ali ní San Diego ní ọjọ́ 31, oṣù kẹta, ọdún 1973. Ali kì í gbé ọwọ́ sókè, láti ìbàdí ni jáàbù rẹ̀ ti ń wá, ó sì gbẹ́kẹ̀lé fífa orí sẹ́yìn. Futch ní kí Norton gbé ọwọ́ ọ̀tún sí iwájú àgbọ̀n. Bí jáàbù Ali bá dé, kí ó fi ìbọ̀wọ́ náà gbá a sókè, kí òun náà sì na jáàbù tirẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan náà. Àwọn jáàbù méjèèjì jọ jáde, ti Ali bá ìbọ̀wọ́, ti Norton bá ojú. Ẹni tí ń fi jáàbù darí ayé wá di ẹni tí ń ronú kí ó tó nà á. Párì Ali kán nínú ìjà náà, Norton sì borí lẹ́yìn abala méjìlá. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìdápadà tí mo mọ̀, nítorí pé ohun èlò ọ̀tá gan-an ni ó fi kọ ọ́.

Ní ilẹ̀ tiwa, ìlú Ìbàdàn ní ìrántí tirẹ̀. Ní ọjọ́ 10, oṣù kẹjọ, ọdún 1963, Dick Tiger, ọmọ Ìgbò tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ Richard Ihetu, pàdé Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà ní Liberty Stadium, pápá tí a sọ di Pápá Ìṣeré Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lẹ́yìn náà. Fullmer kò jáde fún abala kẹjọ. Tiger kò ga, nítorí náà gbogbo ayé rẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí jẹ́ ìbéèrè kan ṣoṣo: báwo ni ẹni kúkúrú ṣe ń kọjá ọwọ́ gígùn? Ìdáhùn tirẹ̀ ni kí ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, kí ó gba jáàbù sára wọn, kí ó sì máa rìn bọ̀ títí ọwọ́ òsì tirẹ̀, tí ó tẹ̀ bí ìwọ̀, yóò fi dé. Ó gbé e dé ibi gíga. Ṣùgbọ́n ní oṣù karùn-ún ọdún 1968, ó pàdé Bob Foster, tí ó ga jù ú lọ púpọ̀. Ọwọ́ òsì gígùn Foster kò jẹ́ kí ó wọlé. Ní abala kẹrin, ọwọ́ òsì kan náà ni ó gbé e ṣubú. Ìgbà kan ṣoṣo nìyẹn nínú ayé rẹ̀ tí wọ́n kà á dé mẹ́wàá.

Àwọn ọ̀dọ́ tí ń tẹ̀lé Anthony Joshua, tí ìdílé rẹ̀ ní orírun ní Ṣágámù, yóò rántí oṣù kejìlá ọdún 2019 ní Saudi Arabia. Andy Ruiz ti fi ẹ̀ṣẹ́ ìpàdé ba ayé rẹ̀ jẹ́ ní New York ní oṣù kẹfà ọdún náà, nígbà tí Joshua sáré wọlé láti parí rẹ̀. Ní ìgbà kejì, Joshua na jáàbù, ó fà á padà, ó sì kúrò níbẹ̀, fún abala méjìlá gbáko. Ọ̀pọ̀ òǹwòran ní kò dùn wò. Èmi gbádùn rẹ̀.

Fíìmù ìjà ọdún 1936 kò ṣòro láti rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó, kí ó má fi ojú sí ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún Schmeling ní abala mẹ́ta àkọ́kọ́. Kí ó fi ojú sí ọwọ́ òsì Louis, kí ó sì fi ìka díwọ̀n gíga tí ó fi kúrò lẹ́bàá ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti gíga tí ó fi padà. Kí abala kẹrin tó dé, yóò ti mọ ibi tí ẹ̀ṣẹ́ náà yóò gbà wọlé.